Nọ́ńbà Tó Kọ̀ Páálí

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi ṣọ́ọ̀kì, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Mo ṣílẹ̀kùn láti gbá iwájú ilé kí àwọn oníbàárà tó dé, mo yíjú padà báyìí, nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì búlúù kọ ni mo rí lára ilẹ̀kùn mi. Apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ jókòó ni. 73939133. Kò sí orúkọ, kò sí “ẹ jọ̀ọ́,” kò sí nǹkan kan mọ́.

Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò kàwé púpọ̀, ojú ló fi ń ka ayé, ojú tèmi sì mú. Kí ẹnì kan wá kọ nǹkan sára ilé mi, kí n máa wò ó bí ẹni ń wo àwòrán? Kò ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ àtúnṣe aṣọ ni mò ń ṣe. Mò ń pààrọ̀ síìpù, mò ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mò ń rán bọ́tìnì tó já. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn là ń gbé, èmi pẹ̀lú bàbá mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọṣẹ, níbi tí wọ́n ti ń to ọṣẹ sínú páálí, àtìgbà tí màmá mi sì ti kú ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi. Àga wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítòsí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni. Wọ́n ní àwọn olè máa ń sàmì sí ilé tí wọ́n bá fẹ́ jà. Mo tún rò pé ọkùnrin tó máa ń wá ka mítà ni, torí ọkùnrin yẹn, kì í wo èèyàn lójú. Mo bá sọdá lọ bá ìyá alájá tó wà lódìkejì.

“Mà, ṣé wọ́n kọ nǹkan sí tiyín náà?”

Ìyá yìí yẹ ilẹ̀kùn ẹ̀ wò látòkè délẹ̀. “Tèmi mọ́ o. Ìwọ nìkan ni wọ́n rí.” Ó wá rẹ́rìn-ín. “Bóyá iye ọjọ́ tó kù kí o tó dá aṣọ mi padà ni.”

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ bí? Aṣọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Mo padà sílé, mo mú àkísà, mo rì í sómi. Bí mo ṣe ní kí n gbé e lé ilẹ̀kùn báyìí, mo gbọ́ ohùn bàbá mi látinú ilé.

“Má nù ún.”

Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọn ò tíì jáde láàárọ̀ yẹn. Ojú ìta ni nọ́ńbà yẹn wà. Kí ló sọ fún wọn pé nǹkan wà lára ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ nù?

Mo wọlé, mo lọ síbi máṣíìnì mi, mo ṣí dúrọ́ọ̀. Ṣọ́ọ̀kì búlúù tí mo fi ń sàmì sáṣọ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan. Mo wo bàbá mi. Bàbá mi wo ojú fèrèsé.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Òjò lè rọ̀ lónìí,” wọ́n ní.

“Bàbá.”

“Ó sì lè má rọ̀.”

Bí wọ́n ṣe pa á dé nìyẹn. Mo fi nọ́ńbà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi ń wò ó látọjọ́ yẹn, kì í ṣe ojú rere.

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kí n tó máa lọ. Ó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, ìyẹn ló jẹ́ kó máa bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ lu ògiri. Lójú ẹ̀, “ẹ” ni mo máa ń pè é. Lẹ́yìn ẹ̀, ọdún méjì péré ló fi jù mí, ẹ jẹ́ n ṣe é bó ṣe wù mí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń sọ pé orí Bàbá ti ń dàrú. Ẹ̀rí ẹ̀ ò ju kẹ́tùlù lọ. Bàbá gbé kẹ́tùlù kaná, omi gbẹ tán, ìdí kẹ́tùlù jó, èéfín kún ilé, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé. Mo ra òmíràn. Kò pé oṣù kan, wọ́n tún jó ìyẹn náà. Ẹ̀gbọ́n mi bá lọ bá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan sọ̀rọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni nínú mọ́tò. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì kan máa tó ṣófo.

Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì ló wá kí wa. Nọ́ńbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á.

“Ta ló kọ èyí?”

Ó yẹ kí n parọ́. Ẹnu mi ò gbà á. “Bàbá ni.”

“Fóònù ta ni?” Ó ti yọ fóònù ẹ̀, ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní nọ́ńbà yẹn ò sí. Ó tún un tẹ̀, fóònù tún sọ ohun kan náà fún un. Ó bá gba iwájú Bàbá kọjá, ó wọ yàrá wọn láìkànlẹ̀kùn, ó fa báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Èmi fúnra mi ò ṣí báàgì yẹn rí. Ìwé àkọsílẹ̀ ló kún ibẹ̀, bí irú tọmọ iléèwé, mọ́kànlá. A ṣí ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn wà lókè, wọ́n fi nọ́ńbà kékeré pín in, èyí tó ṣẹ́kù wà lábẹ́, wọ́n wá fa igi le gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà kan náà tún wà lábẹ́ ìyẹn, wọ́n tún pín in, wọ́n tún fagi lé e. Ojú ìwé kan, òmíràn, òmíràn. Ìwé mọ́kànlá, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé o rí i? Àìsàn ni.”

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní parọ́.

Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ òótọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. “Bàbá, ẹ ṣáà sọ ohun tí nọ́ńbà yìí jẹ́ fún mi. Bí ẹ bá sọ ọ́, tó sì ní ìtumọ̀, mi ò ní dárúkọ ilé ìtọ́jú mọ́ láyé.”

“Mi ò lè sọ ọ́.”

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò lè sọ ọ́ báyìí ni.”

“Ìgbà wo lẹ máa wá lè sọ ọ́?”

Bàbá wo ìta. “Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbọn eruku orúnkún ẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọ̀sẹ̀ méjì sí ọ̀la, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, mò ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó parí. Bí wọn ò bá sọ ọ́, kí ẹrù wọn ti wà nílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi ni “kò sí lọ́wọ́ mi.” Ọwọ́ ta ló wá wà? Ta ló mú bàbá mi lẹ́nu?

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo ṣílẹ̀kùn, mo wo nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀ta tó gbẹ̀yìn ti lọ. 7393913 ló kù. Ẹnì kan ti nù ún, nùnù tó mọ́, bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ pa kòkòrò.

“Bàbá, ẹ ti nu ọ̀kan kúrò?”

“Èmi kọ́.” Ẹ wá wo ojú wọn! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ márùn-ún kọjá. Ọjọ́ Ajé, ó di 739391. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ó di 73939. Ọjọ́ kejì ẹ̀, Ọjọ́bọ̀, 7393. Ṣé ẹ rí i pé ó ń yára? Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kọ́kọ́ dúró, ó wá di márùn-ún, ó di méjì, ó di ojoojúmọ́. Nǹkan tó bá ń yára bẹ́ẹ̀, ibì kan ló ń lọ. Mo ka ìyókù lórí ìka: ọjọ́ Ajé tí mọ́tò ń bọ̀ gan-an ló máa tán. Mo fura sí ẹ̀gbọ́n mi pàápàá. Mo ní bóyá òun ló ń wá nù ún kó lè sọ Bàbá di wèrè. Mo pè é.

“Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí?”

“Inú mọ́tò, pẹ̀lú obìnrin kan tó rò pé bíréèkì ni kílọ́ọ̀ṣì. Kí ló dé?”

“Nọ́ńbà yẹn ń dínkù.”

“Bàbá ló ń nù ún tí wọ́n ń gbàgbé. Wọ́n ti sọ fún mi nílé ìtọ́jú pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.” Ó wá pariwo, “Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà! Ẹ tẹ̀ ẹ́!” Fóònù kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 739 ló kù. Mi ò níṣẹ́ kánjúkánjú nílẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Mo rántí àwọn ìwé yẹn, bí gbogbo ẹ̀ ṣe jẹ́ pínpín. Èmi ò lè pín nọ́ńbà lórí ìwé débi tó máa jọ nǹkan, ṣùgbọ́n mo ní bọ́tìnì. Agolo bọ́tìnì mi wúwo ju máṣíìnì lọ. Mo da bọ́tìnì funfun sórí tábìlì ìgéṣọ, mo ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mọ́kàndínlógójì. Mo pín in ní méjì-méjì, ọ̀kan kù. Mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan kù. Márùn-ún-márùn-ún, mẹ́rin kù. Méje-méje, mẹ́rin kù. Mo dé ọ̀nà mẹ́tàlá, mọ́kànlá kù, ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Kò gbà. Ọ̀nà yòówù kí n gbà tò ó, ó máa ń ní èyí tí kò rílé wọ̀.

Mo gbójú sókè. Bàbá ń wò mí láti orí àga wọn. Ojú wọn ń dán bí ojú ọmọ tó fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Ẹní bá máa nù ún, ojú mi ló máa gbà kọjá. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó yà. Òórùn jíjó bá ta sí mi nímú: mo ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣòkòtò oníbàárà. Mo sáré wọlé, mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo sáré jáde. 73. Wọ́n ti nù ún! Ojú ibẹ̀ ṣì tutù. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi nù ún, wọ́n ti fi itọ́ kàn án, òǹtẹ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀ roboto.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, iṣẹ́ mi nìyẹn: mo mọ ìwọ̀n nǹkan roboto. Òǹtẹ̀ yẹn ò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Mo wọlé, mo mú ọwọ́ bàbá mi, mo wo àtàǹpàkò wọn. Bọ́tìnì kóòtù ńlá ni. Kò sì sí búlúù kankan lára ẹ̀.

Ara mi wálẹ̀. Bàbá ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹlòmíràn ni. Àmọ́ bí ara mi ṣe wálẹ̀ báyìí ni ìfura mi tún gòkè, torí ẹlòmíràn wo ló máa dúró dè mí títí n óò fi wọlé? Mo da bọ́tìnì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo tò ó títí dé ọ̀nà méjìlá. Ọ̀kan kù, ọ̀kan kù, mẹ́ta kù, méje kù. Kò wọlé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ti àtàǹpàkò fún un.

“O wọn àtàǹpàkò Bàbá?” ó ní.

“Mo fi bọ́tìnì wọ̀n ọ́n.”

“Ìwọ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Ọjọ́ Àìkú, mo fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, áyọ́ọ̀nù wà nílẹ̀ ní pípa. Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó fẹ́ sọ iye síwẹ́tà tí Bàbá máa mú dání. Ìgbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mú fóònù nílẹ̀, tí mo fi nàró, ìṣẹ́jú àáyá ni! Mo rí ẹ̀yìn ẹnì kan tó ń yà ní ìkangun òpópónà. Kóòtù eléérú, ọ̀pá ìtìlẹ̀, bẹ́líìtì kékeré lẹ́yìn kóòtù náà sì ń fì dirodiro torí bọ́tìnì ẹ̀ kan ti já. Mo sáré jáde. Kò sẹ́nì kankan mọ́. 7 nìkan ló dúró lára ilẹ̀kùn.

“Bàbá, ta ni ẹni yẹn? Ẹ̀yin lẹ wà lójú fèrèsé. Ẹ rí i. Ta ni?”

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Ní sùúrù. Ó ku ọ̀kan.”

“Ọ̀la ni mọ́tò ń bọ̀!”

“Mo mọ̀.”

“Wọ́n máa gbé yín lọ torí nọ́ńbà, ẹ̀yin ń sọ pé ó ku ọ̀kan! Ẹ sọ ọ́ fún èmi nìkan. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Wọ́n la ẹnu. Mo rí i pé ó ti dé ahọ́n wọn. Wọ́n tún pa á dé, omi lé sójú wọn. “Bí mo bá sọ ọ́, mo pàdánù. Láti ìwé kìíní dé ìkọkànlá. Mi ò lè pàdánù.”

Mo di ẹrù wọn. Síwẹ́tà mẹ́ta, bàtà méjì, fọ́tò màmá mi. Mo gbàgbọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀, mi ò ṣáà mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò sì gba “mo gbàgbọ́” gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ò lù tán tí mọ́tò fi dé. Wọ́n kọ “AKẸ́KỌ̀Ọ́” gàdàgbà sórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó kí Bàbá, ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ti fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ ẹ̀wù tó dáa jù. Wọ́n mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì. Mo di Bàbá lápá mú, a bọ́ síta. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró.

“Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá,” ẹ̀gbọ́n mi ní.

“Dúró.”

“Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni.”

“Mo ní dúró.”

Kóòtù eléérú ń bọ̀. Ìyá arúgbó kan ni, ó kéré bí ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ki nǹkan kan sí abíyá òsì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kọjá bí ẹni pé igi ni wá, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó lá àtàǹpàkò, ó nu 7 kúrò. Ilẹ̀kùn mi mọ́. Ó wá sọ nǹkan abíyá ẹ̀ kalẹ̀ níwájú bàbá mi. Àpótí ìjókòó onígi ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìdí tó ti jókòó lé e ti mú kó máa dán.

“Jókòó,” ó ní. “Jókòó, ọ̀dájú.”

Bàbá mi jókòó sórí àpótí yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

“Màmá,” ẹ̀gbọ́n mi ní, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín? Ta ló rán yín sílé yìí?”

“Alápòótí ni wọ́n ń pè mí. A jọ to ọṣẹ sínú páálí ni, èmi pẹ̀lú olórí kunkun yìí.” Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí Bàbá. “Ṣé ìwọ ni ọmọ tó ń sọ pé orí bàbá ẹ̀ ti dàrú? Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́, ohùn ẹ ń lọ sókè. Sọ fún un, Ọ̀gá Páálí. O ti lẹ́tọ̀ọ́ báyìí.”

Bàbá wá sọ ọ́. Ní ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n ní ọṣẹ mẹ́rìnlélógún, ó wọ páálí: ìlà mẹ́rin, mẹ́fà-mẹ́fà. Mẹ́tàlélógún ńkọ́? Bóo tò ó bóo tú u, ìlà ò ní dọ́gba, àfi kó wà ní ìlà kan ṣoṣo gbọọrọ, páálí wo ló gùn bẹ́ẹ̀? Irú iye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kọ̀páálí. Àwọn tó ń tòṣẹ bá sọ ọ́ di eré. Ẹni tó bá rí kọ̀páálí ńlá, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá a figagbága á pín in wò títí, bí kò bá gbà, á fi àtàǹpàkò nu èyí tó gbẹ̀yìn. Èyí tó kù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ̀páálí. Ó tún nù ún, èyí tó kù gbọ́dọ̀ tún jẹ́ kọ̀páálí, títí ilẹ̀kùn á fi mọ́. Bí ọ̀kan bá wọ páálí lójú ọ̀nà, ó ti fọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ títí yóò fi tán. Bó bá sọ̀rọ̀, ó pàdánù. Ẹni tí tiẹ̀ bá gùn jù ló ni àpótí ojú fèrèsé, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

“23333 ni tèmi,” Alápòótí ní. “Ẹyọ nọ́ńbà márùn-ún gbáko. Kò sí ẹni tó kọjá ẹ̀, mo bá gbé àpótí mi lọ sílé lọ́jọ́ tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀.”

“Jíjí lo jí i!” Bàbá mi ní. “Àpótí ilé iṣẹ́! Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀, ó wá kó wá sí àdúgbò yìí, ó ń gba iwájú fèrèsé mi kọjá láràárọ̀, ó ń rìn bí ọba.”

“Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi bá èyí tó kọ jà. Bátìrì ẹ̀rọ ìṣirò mi kú lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ni ní mọ́tò, ó gbọ́dọ̀ dán nǹkan wò. Ó yọ fóònù. “Bàbá, bí mo bá fi mẹ́tàlá pín in?”

“Ó ku mẹ́jọ,” Bàbá ní, wọn ò ronú.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. “Mẹ́tàdínlógún ńkọ́?”

“Mẹ́tàlá.”

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n?”

“Mẹ́wàá. Ṣé kí n máa kà á lọ, àbí ìwọ lo fẹ́ gbé mi débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú?”

Alápòótí tẹ̀ síwájú. Ó ti fojú kékeré wo Bàbá. “Ìwọ, ṣé kò ṣeé fà gùn sí i? Tí èèyàn bá fi ọ̀kan kún un lẹ́yìn?”

“O rò pé mi ò gbìyànjú ẹ̀? Mẹ́jọ lòpin. Fi òdo kún un, tàbí èjì, ẹ̀rin, ẹ̀fà, ẹ̀jọ: méjì-méjì ló máa pín. Àrún: márùn-ún-márùn-ún. Ení àti èje: mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀ta àti ẹ̀sán ló fẹ́ pa mí, mo pín, mo pín.” Wọ́n wo èmi. “Ẹ̀ta ló jó kẹ́tùlù àkọ́kọ́. Ẹ̀sán ló jó èkejì. Má bínú.”

Ẹ̀gbọ́n mi wo fóònù, ó wo bàbá ẹ̀, ó wo báàgì ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni pé òun ò mọ ẹni tó gbé e fún òun. Ó gbé báàgì náà wọlé, ó gbé e padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ ọ nínú yàrá tó ń fa imú. Ó jáde, ó wọ mọ́tò ẹ̀, kò sì lọ. Ó tó wákàtí kan tó fi jókòó síbẹ̀ tó ń tẹ fóònù. Nígbà tó ń lọ, ó sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀. “Mo ti pín in dé igba, kò gbà.” Ọjọ́ kejì, ó fi kẹ́tùlù ránṣẹ́ sí wa, irú èyí tó máa ń pa ara ẹ̀ bí omi bá ti hó.

Bàbá ò lọ sí ibì kankan. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín kí n tó dákẹ́. Alápòótí ṣì ń wá láràárọ̀. Mo ní kí ló tún kù? Àpótí ti dé, nọ́ńbà ti tán. Ó máa ní òun kàn ń kọjá ni. Ẹni tó ń kọjá, tó ń jókòó fún wákàtí méjì, tó mọ ibi tí mo ń tọ́jú ṣúgà sí?

Lánàá, bàbá mi pè mí lóhùn pẹ̀lẹ́, ohùn tí wọn kì í fi bẹ̀ mí.

“Bọ́tìnì ẹ̀yìn kóòtù Alápòótí ti já. Bá mi wá irú ẹ̀ rán an, èyí tó dáa.”

Mo wò wọ́n. Lẹ́yìn kóòtù, ní ibi tí èèyàn ò lè rí àfi kó máa wo obìnrin bó ṣe ń lọ títí yóò fi yà ní ìkangun. Mo mú agolo bọ́tìnì, mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo ṣì ń wò wọ́n.